Ọ̀rọ̀ Tí Ramsajivan Kì í Sọ sí Iná

Ní ìlú Unnao, wọn kì í sọ pé àwọn fẹ́ pa iná. Èèwọ̀ ni, bí a kì í ti í sọ pé ọba kú. Ẹni tó bá fẹ́ pa á yóò ní kí wọ́n mú un pọ̀ sí i, gbogbo ilé á sì mọ ohun tó ń wí. Ramsajivan di èèwọ̀ yìí mú ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti fìgbà kan gbàgbé, ó sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ilẹ̀ kò sì mọ́ bá obìnrin náà láyé.

Iná pápá ìṣeré kíríkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Iná àtijọ́ máa ń lọ́ra kó tó mọ́lẹ̀, tó bá sì mọ́lẹ̀ tán, fáànù gbogbo àdúgbò á máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún pápá ṣe, wọ́n gbé iná tuntun sórí òpó, èyí tí ń tàn ní ìṣẹ́jú akàn, tí kì í sì í jẹ agbára púpọ̀. Láti inú yàrá kan ni Tanvi, ẹnjiníà tó wá láti Bengaluru, ti ń bù ú kù tàbí bù ú sí i. Ọmọbìnrin náà gbọ́ èdè wọn dáadáa, àmọ́ wọn kò tọ́ ọ nílé wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń dán iná wò, Lallan, ọ̀rẹ́ Ramsajivan, wà lókè òpó, ó ń yí ojú iná síbi tó yẹ. Ó ké sísàlẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Ramsajivan, tó wà nísàlẹ̀, gbé rédíò ìbánisọ̀rọ̀ sẹ́nu, ó pe Tanvi.

“Ọmọ mi, bá mi mú iná òpó yẹn pọ̀ sí i.”

Tanvi mú un pọ̀. Lallan fọwọ́ méjèèjì bojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Bẹ́líìtì nìkan ló gbé e dúró, ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

“Mo ní kí o mú un pọ̀ sí i!”

“Bàbá, ó ti pọ̀ dópin. Kí lẹ fẹ́ gan-an?”

Ìgbà náà ló tó yé Ramsajivan pé ọmọ náà kò mọ èèwọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń táràrà lókè. Tó bá sọ ọ̀rọ̀ náà, ó dá a lójú pé òun ló máa pa á. Tí kò bá sọ ọ́, iná á pa á.

“Pa á,” ó ní. “Pa iná náà.”

Iná kú. Lallan fọwọ́ bá irin, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí koríko, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

“Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ,” ló wí, “mo ní, ó tán, mo ti kú nìyẹn.”

Ó fẹ́ fi pa á lẹ́rìn-ín ni. Ramsajivan kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná bí ọwọ́ alààyè. Ó bú sẹ́kún.