Ẹgbẹ́ Tí Àmì Kékeré Kan Tún Kó Jọ

Ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wéjáde, Àmì-Ohùn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tí kì í fi bírò tún àmì orí rẹ̀ ṣe, títí kan ìkìlọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, ó ní láti jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní agbéraga ni, ṣùgbọ́n ìtìjú lásán ni. Bí èrò bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú yàrá, ńṣe ni ọ̀rọ̀ máa ń sá lẹ́nu rẹ̀ bí òròmọdìyẹ tó rí àwòdì.

Nígbà tí wọ́n jáde, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n má bàa gbàgbé ara wọn. Ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ gbóná janjan. Nígbà tó yá, ó ku "ẹ kú ọjọ́ ìbí" àti àdúrà tí ẹnì kan ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe àmín sí. Àmì-Ohùn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá. Ó ń dá ṣe iṣẹ́ olóòtú nínú yàrá tí ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Tábìlì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ wà nítòsí ilẹ̀kùn, àjákù aṣọ àti àjákù bébà a sì máa dà pọ̀ nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan wá bá a. Awakọ̀ èrò ni obìnrin yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì, Màmá Awakọ̀ ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Ó ti kọ ìtàn ayé ara rẹ̀: bó ṣe kọ́ ọkọ̀ wíwà nígbà tí àwọn ọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe ra ọkọ̀ àlòkù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì àfi tí èèyàn bá fi ìdí tì í, àti gbogbo ibi tí ọkọ̀ náà gbé e dé. Àkọlé tó fún un ni Ọkọ̀ Mi Àkọ́kọ́. Ìwé náà dùn débi pé ìyá Àmì-Ohùn máa ń dá ẹ̀rọ dúró, á ní, "Ka ojú ewé kan sí i fún mi, kí n tó fi abẹ́rẹ́ gún ara mi."

Àmì-Ohùn tọ́ ìwé náà bí ẹni tọ́ ọmọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń ya àwòrán ló ya iwájú ìwé: ọkọ̀ pupa lábẹ́ igi ńlá, ewé igi náà sì tẹ̀ wá sórí àkọlé. Lójú kọ̀ǹpútà, ó rẹwà, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó ìwé jáde gan-an ni páálí dé ilé Màmá Awakọ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ló tú páálí. Ó mú ẹyọ kan, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì wo iwájú ìwé náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyàwó mi, ta ni?"

"Ta lẹ̀ ń béèrè?"

"Ọkọ rẹ àkọ́kọ́. Gbogbo ọjọ́ yìí, mo ṣebí èmi ni."

Màmá Awakọ̀ já ìwé náà gbà. Àmì tó yẹ kó wà lórí "ọkọ̀" ti wọ inú ewé igi lọ ráúráú. Dúdú ti gbé dúdú mì. Ohun tó kù fún òǹkàwé ni Ọkọ Mi Àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá síbi ìkójáde lọ́jọ́ Sátidé. Ló bá gbé fóònù, ó pe Àmì-Ohùn.

Nígbà tí Àmì-Ohùn dé, tó rí i, ó jókòó sórí páálí. "Èmi! Èmi tí wọ́n ń pè ní Àmì-Ohùn!" Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọ̀ ọ́.

Nígbà tó mú ẹyọ kan délé, ìyá rẹ̀ kò bá a sunkún. "Àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé ńkọ́?"

"Màámi, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n á kúkú ṣe é. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán ńkọ́? Ṣé wọn ò lọ́wọ́ ni?"

Àmì-Ohùn kọ ọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ wọn lórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó ya àwòrán iwájú ìwé náà, ó di ojú, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Tàdáwà ló kọ́kọ́ fèsì, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé mìíràn, tí kò ní ẹ̀wù kan tí yíǹkì ò tíì tà sí. Ó kọ ọ́ pé: "Àmì-Ohùn sọ àmì ohùn nù! Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe kí n tó dé o. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i." Ayàwòrán ní tirẹ̀ kò ṣàwàdà. "Ọwọ́ mi ló ṣe é," ó wí. "Mò ń gbé búrọ́ọ̀ṣì bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wà ní pálọ̀ Màmá Awakọ̀, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kan tó di tíṣà, àti òmíràn tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí ìyá Àmì-Ohùn ṣe wí. Lẹ́yìn náà, Ayàwòrán ṣí ọ̀dà funfun, wọ́n sì pinnu pé ọwọ́ ni àwọn máa fi fa àmì náà sórí ìwé kọ̀ọ̀kan.

Tàdáwà fa àkọ́kọ́. Àmì-Ohùn pariwo. "Òkè lo fà á sí! O ti sọ ọ́ di ọkọ́! Ṣé oko la fẹ́ lọ ni?"

"Ẹ gbé ìyẹn sọ́tọ̀," ni Màmá Awakọ̀ wí. "A ó rí àgbẹ̀ tó máa rà á."

Káfíńtà bá gba búrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Èmi ni ọkọ, èmi náà ni màá sọ ọ́ di ọkọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń fà á, tí wọ́n ń sá ìwé sórí àga, sórí fèrèsé, sórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ ń jáde. Tíṣà ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ò rí ìwé ìtàn kà. Tàdáwà ní ẹ̀rọ ibiṣẹ́ òun a máa sùn gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀gá òun sì ń wá ẹni tó máa gbé iṣẹ́ wá. Oníṣọ́ọ̀bù ní àwọn ìyá ń béèrè ìwé ọmọdé lọ́wọ́ òun, òun ò rí tà fún wọn. Ayàwòrán ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ ya ẹranko. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Àmì-Ohùn, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ló la ẹnu: "Àbí orí wa ò pé ni? A jókòó ti odò, a ń fi itọ́ fọ ojú!"

Ìkójáde náà wáyé ní ibùdókọ̀ tí Màmá Awakọ̀ ti ṣiṣẹ́. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan ti di arúgbó báyìí. Àwọn ló jókòó níwájú, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ di ìwé náà mú sókè, ó ka àkọlé rẹ̀ sókè ketekete, kò sì ṣì í kà.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ti jí. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìwé ni wọ́n ti ń pàdé ní òpin oṣù. Wọ́n ti tẹ ìtàn ọmọdé mélòó kan, kíláàsì Tíṣà ló sì ń kọ́kọ́ kà wọ́n, nítorí ọmọdé kì í yin ìwé tí kò dùn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ń wá síbẹ̀ náà, méjì nínú wọn sì ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá Tàdáwà.

Tí ẹni tuntun bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ ibi tí òun máa jókòó sí, Àmì-Ohùn ló máa ń dìde. Á gbé ìwé kúrò lórí àga, á ní, "Wọlé, jàre. Kí lo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí?" Bí onítọ̀hún bá ti dáhùn tán, á nawọ́ sí ẹnì kan nínú yàrá: "Ẹni tó yẹ kó o mọ̀ nìyẹn. Jẹ́ kí n mú ọ lọ bá a."