Bẹ́ǹṣì Tí Sìlífátù Kò Lè Jókòó Lé

A sin Sìlífátù, alájọgbélé mi, ní Ìlasan lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà lára rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mùsùlùmí ni mí, mo gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ bẹ́ǹṣì mọ́ ọn?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n yẹ ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ajah. N kò ní í dárúkọ wọn, wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n ní ìyípadà díẹ̀ wà níbẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀, kí obìnrin ṣáà padà wá kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Sìlífátù padà lọ. Ẹ gbọ́ o, ó padà lọ.

Níbo ni wọ́n ní kó jókòó? Láàárín àwọn tó wá gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí, lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Làtífátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ náà.

“Ìyàwó, kí lo ń wá níbí?”

“Orí ló ń fọ́ mi, Àǹtí.”

“Ṣé orí ni wọ́n ń fún lábẹ́rẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yìí?”

Sìlífátù dìde, ó wá sílé. Kò tún débẹ̀ mọ́.

Sìlífátù yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ nígbà tí mo bímọ. “Oníwèé, wọn ò kọ́ yín ní èyí ní sẹ́kọ́ńdìrì?” Á rẹ́rìn-ín, á gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi.

Ààwẹ̀ la fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó ń rí nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀. Gbogbo Ràmàdáànì lọ, ẹ̀jẹ̀ Sìlífátù kò dá, kò gba ẹyọ kan; ìyípadà díẹ̀ yẹn ti di jẹjẹrẹ. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ń fi í dápàárá: “Ìyá Kàsímù, ìgbà wo ni ààwẹ̀ tìrẹ máa bẹ̀rẹ̀?”

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bi mátíróònù ilé ìwòsàn náà ìdí tí wọ́n fi kó wọn jókòó pọ̀. Ó ní, “Ibi kan náà lára obìnrin ni. Bẹ́ǹṣì kan ti tó.” Ìmọ̀ ńlá. Ṣé wọ́n ń kó ẹni tí eyín ń dùn àti oníkọ́ ife jókòó pọ̀, nítorí pé ẹnu kan náà ni?

Wọ́n ti yẹ èmi náà wò báyìí. Ìyípadà díẹ̀, bíi ti Sìlífátù. Ọmọ mi kò tíì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní í purọ́.

Kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí ètò bẹ́ǹṣì yẹn wá sí Ìlasan, kó jókòó níwájú Kàsímù, kó sọ ohun tó pa ìyá rẹ̀ fún un. Kí wọ́n wá àwọn obìnrin tí ìtìjú lé lọ kàn, lójúlé sí ojúlé. Èmi á padà lọ ní tèmi. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì yẹn kúrò kí n tó dé.