Wọ́n Fi Ọkọ̀ Mi Tọrẹ Láti Làìbéríà

Èmi ni mo ra ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ mi, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń já lu ọ̀rọ̀ mi lórí ẹ̀. Pijó 504 ni, irú èyí tó gùn lẹ́yìn. Ata ni mo tà tí mo fi rà á: tàtàṣé, rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tòmátì, ọdún mẹ́fà gbáko ní Mile 12, láti ìgbà tí mò ń pàtẹ sílẹ̀ títí mo fi ní ìsọ̀ tèmi. Láàárọ̀ ni mo máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kó o wá láti òkè Ọya, kó sì tó di aago mẹ́jọ mo ti pín in kárí àwọn oníbàárà mi ní Ogudu àti Ifákọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ mi ni mo fi ṣe ìwé ọkọ̀. Ṣójà ni. Gbogbo wa nínú ọjà la mọ ọgbọ́n yìí nígbà náà: bí obìnrin bá ní ọkọ ṣójà, tàbí àbúrò ṣójà, orúkọ ṣójà ni yóò fi ṣe ìwé, yóò gbé fìlà ṣójà síwájú gíláàsì, kò sì ní sí ọlọ́pàá tàbí àgbèrò tí yóò bi í léèrè pé kí ló kó. Ó ṣiṣẹ́ fún mi gan-an ni. Ọjọ́ tí mo kó ìwé náà fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní mo ti sọ òun di ọlọ́kọ̀ láìlàágùn. Àwa méjèèjì la jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìjọba kó ọkọ mi àti àwọn ṣójà yòókù lọ sí Làìbéríà láti lọ bá wọn paná ogun ibẹ̀, ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin wa, òun nìkan la bí. Àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń ṣe é. Bó bá ti dé, gbogbo egungun ni yóò máa ro ó, kò ní lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè gbé e ka orí ọ̀kadà kó má ké. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ yẹn fi ju ọkọ̀ ata lọ lójú mi. Fóòmù kan wà tí mo máa ń tẹ́ sẹ́yìn fún un, màá rọra tẹ́ ẹ lé e, ó di ọsibítù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin mẹ́ta wá bá mi nílé ní Ketu. Ẹgbẹ́ aláàánú àwọn Mùsùlùmí kan tí ọkọ mi wà nínú rẹ̀ ló rán wọn wá, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí nínú ilé kan ní Ikosi. Mo ṣe bí wọ́n wá kí mi ni. Mo gbé omi tútù àti mínírà kalẹ̀, wọ́n mu ún tán kí Ààrẹ wọn tó yọ lẹ́tà lápò.

"Ìyàwó wa, iṣẹ́ ayọ̀ la bá wá o. Ọkọ yín ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run. Wọ́n ní ká wá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ yín."

"Mọ́tò wo, sà?"

Ó nàka sójú fèrèsé. "Èyí tó wà níta yẹn náà ni."

Mo gba lẹ́tà, mo kà á. Ọwọ́ ọkọ mi ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní ìbọn ba ẹni tó dúró ti òun, onítọ̀hún ò sì dìde mọ́. Pé ibẹ̀ lòun ti bẹ Ọlọ́run pé bó bá lè yọ òun, òun á fi ọkọ̀ òun tọrẹ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ojú ìwé méjì ni. Kò síbi tí ọ̀rọ̀ mi ti jẹ yọ àfi ibi tó ti ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó òun.

Kí ni obìnrin fẹ́ ṣe sírú èyí? Bí mo bá kọ̀, tí ìbọn wá bà á lọ́la, èmi ni wọn á ní mo pa á. Mo mọ ẹnu àdúgbò wa. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Ajé, torí ọjọ́ Àìkú ni ọkọ mi máa ń rí fóònù pè mí.

Ó pè. Mo kí i, mo dúpẹ́ pé ó wà láàyè, mo sì dúpẹ́ náà látọkàn wá. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Daddy, mọ́tò ta lẹ fi jẹ́jẹ̀ẹ́?"

Ó ní, "Orúkọ ta ló wà lára ìwé?"

Ká ní ó sọ pé, "Jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí, mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè ṣèlérí," fúnra mi ni ǹ bá gbé kọ́kọ́rọ́ lọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí mo dá sí ọlọ́pàá ló kó lé mi lórí. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó tún ní Ọlọ́run á pèsè òmíràn. Mo ní àmín, mo pa fóònù, mo sì sunkún bí ọmọdé. Títí dòní, bí mo bá rántí ìbéèrè yẹn, inú ṣì máa ń bí mi.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà padà wá lọ́jọ́ Ajé, mo yọ fóòmù ọmọ mi, mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Èmi wá di ẹni tó ń háyà bọ́ọ̀sì kó ata. Bọ́ọ̀sì kì í tètè dé, tòmátì ò sì mọ ìdúró. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ní Ogudu bá tiwọn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú òjò, wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìwé ọmọ mi ní Ikosi pé àìsàn rẹ̀ ti dé. Omi ti bo títì. Kò sí kábùkábù kan tó fẹ́ dúró. Mo pọ̀n ọ́n, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó ń ké ní gbogbo ìṣísẹ̀ tí mo bá gbé. Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ọkọ̀ wà nítòsí ni mo forí lé: ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí yẹn.

Obìnrin tó ń tọ́jú wọn kò mọ̀ mí rí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ọkọ̀ gbé ọmọ kan tí ibà ń ṣe lọ sí ọsibítù ni mo wọlé. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. "Mummy, ẹ tètè wọ mọ́tò, òjò ń pa yín," ló wí, ó sì sún fún wa. Ì bá wù mí kó jẹ́ òǹrorò, kí n lè bínú sí i, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni.

Òórùn ata ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Ọmọ mi lajú, ó wò yíká, ó ní, "Mummy, mọ́tò wa rèé."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," obìnrin yẹn ní. "Ẹ má dá a lóhùn, Mummy, ara tó ń ro ó ló ń mú un sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ojú tì mí ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé èmi ni mo ni ọkọ̀ tí mo tọrọ àyè nínú rẹ̀? Ọmọ mi wò mí, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀ títí a fi dé ọsibítù. Ọlọ́run ṣe é, ara rẹ̀ yá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ pè, mo sọ fún un pé ọmọ wọ ọsibítù, ó sì ti gbádùn. Ó dúpẹ́. Kò béèrè ohun tí a wọ̀ lọ.

Ọdún kejì ló dé. Ó rù, ó dúdú, inú mi sì dùn pé mo rí i. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní inú mi ò dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pè é láti wá dá a lọ́lá. Wọ́n gbé èmi náà jókòó síwájú, ìyàwó olóore. Akọ̀wé wọn dìde, ó ń ka àwọn tí ọkọ̀ náà ti ṣe lóore, bó bá sì ti ka ọ̀kan, gbogbo èèyàn á ní, "Alihamudulilai."

"Obìnrin aláìní kan," ó ń kà á lọ, "tó pọn ọmọ aláìsàn wọ ọgbà wa nínú òjò. Kò ní ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Ọkọ̀ yìí ló gbé wọn dé ọsibítù, ọmọ náà sì yè."

Ohùn ọkọ mi ló ròkè jù lọ. Ó yíjú sí mi, omi lé ròrò sí i lójú, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ṣé o gbọ́ ìyẹn? Ṣé o wá rí ìdí tí mo fi ṣe é?"

Mo ní, "Mo gbọ́. Èmi ni obìnrin aláìní náà."