Ìwé Tí Dókítà Kọ Tako Ara Rẹ̀

Àbúrò mi obìnrin, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni. Iṣẹ́ káfíńtà lèmi ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ nípa orí kò ju kí n fi fìlà bo tèmi lọ, àmọ́ mo mọ iṣẹ́ tó ń pẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń dán.

Màmá Ẹ-Padà-Wá ni àwọn dókítà kéékèèké ń pè é ní wọ́ọ̀dù, lẹ́yìn rẹ̀ o. Àwọn ọmọ tí omi kún orí wọn ni wọ́n ń gbé wá bá a. Á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ibẹ̀, omi náà á gba abẹ́ awọ lọ sínú ikùn. Bí ọmọ bá ti ń rẹ́rìn-ín lọ sílé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kà á sí iṣẹ́ tó yọrí. Òun ò ní í kà á. Ọdọọdún ló ń fóònù àwọn òbí pé kí wọ́n gbé ọmọ padà wá, kódà kí ara ọmọ le koko. Bàbá kan bi í bóyá ó fẹ́ fi ọmọ náà ṣe tirẹ̀ ni. Ó ní kò burú, bí wọ́n bá ṣáà ti ń gbé e wá.

Nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ó dá ọ̀nà tuntun kan láti ti rọ́bà náà bọ orí, ọ̀nà ẹ̀yìn, tó yá ju ti àtijọ́. Ó kọ ìwé ìwádìí lé e lórí. Wọ́n yìn ín, àwọn dókítà níbòmíràn sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àfi bí àwọn ọmọ ṣe ń padà wá, tó rí i pé rọ́bà àwọn tó gba ọ̀nà tuntun ń dí ju ti àwọn tó gba ọ̀nà àtijọ́ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó rọra padà sí ọ̀nà àtijọ́, kó panu mọ́. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi náà ní kó gbọ́ tọ̀gá. Ló bá lọ kọ ìwé mìíràn, pé ọ̀nà tí òun là kò dára, kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó béèrè ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Bí wọn ò bá fún un lọ́tẹ̀ yìí, ó parí. Iye ìwé tí èèyàn kọ ni wọ́n ń kà, àti iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí i. Ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń dúró kí ọmọ dàgbà kó tó kọ̀wé, báwo ni tirẹ̀ ṣe máa pọ̀? Ìtọ́kasí ló pọ̀, orí ìwé ọwọ́ òsì yẹn ni gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lé. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan ọ̀jọ̀gbọ́n ní a kì í fi àṣìṣe joyè.

Mo ti gé pákó orúkọ fún ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kọ nǹkan kan sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, á wúlò fún pẹpẹ ìwé.

Ọjọ́ tí wọ́n pè é, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ. Ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé wọn kò pa dé dáadáa, iṣẹ́ oníwàdùwàdù, nítorí náà mo gbọ́ wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Alága ní, “Madam, ṣé ẹ mọ̀ pé kí wọ́n má baà ṣe ohun tẹ́ ẹ ṣe ni wọ́n fi ń dárúkọ yín nínú ìwé wọn?”

“Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn.”

“Ẹ fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá yín.”

“Ilé náà ń jò, sà. Àwọn èèyàn sì ń kó ọmọ wọn wọ̀ ọ́.”

Lẹ́yìn náà, ẹni tó ní a kì í fi àṣìṣe joyè béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà já sí. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ti di télọ̀, èyí tí bọ́ọ̀lù dá lẹ́sẹ̀, èyí tí wọn ò lè gbà là. Kò dákẹ́ títí alága fi bẹ̀ ẹ́ pé ebi ń pa ìgbìmọ̀.

Wọ́n fi í joyè náà. Mo kọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sára pákó, àwọn dókítà kéékèèké sì bẹ̀ mí títí mo fi kọ Ẹ Padà Wá sí ìsàlẹ̀. Mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn, mo ní kó wò ó bí ó ti gún.

Ó wò ó. Ó ní, “Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ká wò ó bóyá ó ṣì dúró.”