Ilé Tí Kàmál Yà Sórí Omi

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 1984. Lórí máàpù tí ìjọba fẹ́ fi yan ibi tí wọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ iná núkílíà sí, iye ilé tó wà lórí omi ní Ìlàjẹ, lẹ́yìn Bàrígà ní Èkó, jẹ́ òdo.

Kàmál ló ya máàpù náà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, akọ̀wé ni bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n lórí bébà. Nínú ọ́fíìsì tí ìjọba háyà lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ó máa ń to bébà mẹ́ta tó mọ́ gaara léra: ọ̀kan fún omi tí yóò máa mú ẹ̀rọ tutù, ọ̀kan fún ilẹ̀ tó le, ọ̀kan fún ènìyàn. Ibi tí omi bá sún mọ́, tí ilẹ̀ le, tí ènìyàn ò sí, wọn a fi yíǹkì pupa yí i ká. Orí ilẹ̀ nìkan ni òfin ní kí wọ́n ti ka ilé. Kàmál tẹ̀ lé òfin. Pupa bọ́ sí etí ọ̀sà, lẹ́yìn Bàrígà.

Inú ilé onípákó tó dúró lórí òpó nínú omi Ìlàjẹ ni wọ́n bí Níní, ìyàwó rẹ̀, sí. Ibẹ̀ ló ti ń yan ẹja. Lọ́dún tí aráàlú ń tò nítorí ìrẹsì, ẹja yẹn ló ń bọ́ ìdílé wọn. Níní gbé oúnjẹ ọ̀sán wá sí ọ́fíìsì, ó wo máàpù.

"Bàbá Rasheedat, ilé màámi dà?"

Kàmál nàka sí i.

"Omi lẹ kùn síbẹ̀."

"Orí ilẹ̀ nìkan la ti ń ka ilé."

"Ó dáa. Ẹja tí mo gbé wá yìí, ṣé òun náà ò sí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ egungun ẹja náà fún un. Kò bínú rárá. Ìyẹn ló dun Kàmál jù.

Ní Sátidé, Níní fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kiri. Ó ń pe orúkọ onílé, ọkọ rẹ̀ ń sàmì. Nígbà tí oòrùn mú, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi ṣíji bo orí ọkọ rẹ̀. Ilé igba ó lé mọ́kànlá ni wọ́n kà.

Ní Mọ́ńdè, Kàmál fi yíǹkì ya gbogbo rẹ̀. Pupa ò rí ibi jókòó sí mọ́.

Ọ̀gá rẹ̀, Lazarus, wò ó. "Ta ló ní kí o máa kọ́lé sínú omi?"

"Àwọn ló kọ́ ọ, sà. Èmi kàn yà á ni."

Lazarus na abẹ sí i. "Họ ọ́ kúrò. Mi ò tíì kọ orúkọ àwọn tá a máa dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ tán o."

"Ilé ìyá ìyàwó mi wà níbẹ̀, sà." Ó dá abẹ náà padà.

Orúkọ Kàmál ló ṣáájú nínú àwọn tí wọ́n dá dúró. Lazarus fúnra rẹ̀ ló họ àwọn ilé náà, títí bébà fi lu.

Kàmál ń bá Níní yan ẹja báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n níbẹ̀ náà. Wọn ò kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n máàpù yẹn ṣì wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ń lò ó bí ẹni pé ilé kankan ò sí lórí omi náà.

Ìwọ tí ò ń kà á, bí kọ́kọ́rọ́ àpótí máàpù yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ, ṣí i. Mú yíǹkì. Ilé ìyá Níní ni kí o kọ́kọ́ yà.