Bàbá Ẹ̀rí-Dà àti Láádá Àwọn Òkú

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí Bàbá Ẹ̀rí-Dà onígbàjámọ̀ ni ti ọjọ́ tó fi orí Lẹ́mọ́mù sílẹ̀ láìfá tán. Apá òsì orí ti ń dán, apá ọ̀tún ṣì kún fún irun, ni bàbá bá gbé abẹ sókè.

"Lẹ́mọ́mù, Kùránì tí à ń kà fún òkú, ṣé láádá rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn àbí kì í dé?"

"Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lórí ìyẹn. Àwọn kan ní ó ń dé, àwọn kan ní kì í dé."

"Ẹ̀rí dà?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí orí mi ná."

"Ẹ̀yin náà, ẹ parí ọ̀rọ̀ yín ná!"

Àgídí pàdé àgídí. Lẹ́mọ́mù fi fìlà bo àbọ̀ orí, ó kọrí sí mọ́sálásí. Àbíkẹ́yìn bàbá, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Bàbá ò jẹ́ kọ́rọ̀ náà sùn. Ó ní nígbà tí ọ̀nà ọ̀hún ò ti dájú, òun ò ní dúró dìgbà tóun bá kú. Ó pe àwọn àlùfáà wálé, ó na gbọọrọ sórí ẹní, ó ní kí wọ́n máa ka Yáásín fóun láàyè. Wọ́n ń sáré kà á bí ẹni tí òjò ń lé. Ni òkú bá dìde jókòó.

"Ẹ dúró! Ẹ ti fo ibì kan. Bí ò bá ní dé, kí lẹ wá ṣe níbí? Bó bá sì máa dé, ṣé báyìí lẹ fẹ́ kó dé?"

"Bàbá, òkú kì í sọ̀rọ̀ o," ni àgbà inú wọn wí.

"Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń fò ó!"

Nígbà tó wá kú lóòótọ́, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé Kùránì lé ẹsẹ̀, kò lè ṣí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí nǹkan láti ọwọ́ òun ṣáà dé ọ̀dọ̀ bàbá òun. Lẹ́mọ́mù wá kí i, obìnrin náà sì bi í.

"Bí mo bá kà á, ṣé á dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Lẹ́mọ́mù mí kanlẹ̀. "Ìyapa ṣì wà níbẹ̀, ọmọ mi. Mi ò ní torí ẹkún ẹ purọ́. Àmọ́ ti àdúrà, kò sí onímọ̀ tó jiyàn ẹ̀. Ànábì ní ọmọ rere tó ń ṣàdúrà fún òbí ẹ̀ wà lára ohun tí ikú ò lè gé kúrò." Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ta ni yóò máa bi mí léèrè báyìí?"

Obìnrin náà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ọlọ́run Ọba, forí ji bàbá mi. Fi ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wọn. Bí wọ́n bá ń bá àwọn mọ̀láíkà jiyàn, má bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n máa ń jiyàn lé lórí."

Lẹ́mọ́mù ṣe àmín. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.