IYA wà lókè BAB

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìyàwó mi ti dalẹ̀ mi.

Géèmù àtijọ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì márosẹ̀ ní Ajah. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré ló ń sáré kọjá láàárín ìràwọ̀, tó ń yìnbọn fún àwọn ọ̀tá. Èmi ni mo wà ní ipò kìíní. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà ń gbà fún orúkọ. Bàbá kò wọlé tán, ni mo bá kọ BAB.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó mi ní kí n jáwọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ẹ̀rù bà mí, mo jáwọ́.

Lónìí, mo ní kí n kàn lọ wo orúkọ mi. IYA ló wà lókè! Tirẹ̀ wọlé tán.

Mo bi obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù pé, "Ìyá wo nìyí?"

"Màmá wa nílé ni, Dádì. Wọ́n máa ń yà tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọwọ́ wọn yá o!"

Mo délé, mo bi í. Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Bàbá Ṣadé, ṣé èmi ni mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni?"

Àyà mi ṣì ń já. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n padà lọ gba ipò mi, àbí kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò?